Òdo Ọdún Méjì

Àwọn obìnrin tó ń to ọjà sínú páálí ní ilé iṣẹ́ náà ń pè é ní Ìyá Onítẹ̀bọmi. Ọ̀rọ̀ ìjọ kọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tẹ ọ̀rá oúnjẹ bọ inú omi, kí ó wò ó bóyá afẹ́fẹ́ yóò yọ lára rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá yọ, ọ̀rá náà ń jò. Bí kò bá yọ, yóò buwọ́ lu ìwé, ọjà yóò sì jáde. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti wà lẹ́nu rẹ̀, kò sì fìgbà kankan rò ó pé ẹnì kan wà tó mọ̀ ọ́n ṣe ju òun lọ.

Oúnjẹ inú ọ̀rá náà kì í ṣe ìpanu. Ẹ̀pà lílọ̀ ni, tí wọ́n pò mọ́ mílíìkì, ṣúgà àti òróró, fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí ebi ti jẹ ẹran ara wọn tán. Ọ̀rá kan kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ìyá á gé igun rẹ̀, ọmọ á máa fà á mu. Kò gba iná, kò gba fíríìjì, ó sì lè wà ní ìpamọ́ fún ọdún méjì, bí afẹ́fẹ́ kò bá ti ráàyè wọ inú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wá kù sí ẹnu ọ̀rá, níbi tí irin gbígbóná méjì ti tẹ ojú méjèèjì pọ̀. Ibẹ̀ kò fẹ̀ ju ìka kan lọ.

Ilé ló ti kọ́ iṣẹ́ yìí kó tó mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Bàbá rẹ̀ ń lẹ táyà lẹ́bàá títì. Bí wọ́n bá gbé èyí tó ń jò wá, bàbá á yọ rọ́bà inú rẹ̀, á fẹ́ ẹ, á máa yí i kiri nínú abọ́ omi títí omi á fi hó níbì kan. Ọmọbìnrin náà ló ń fi ìka dí ojú ibẹ̀ kó má baà sọnù mọ́ bàbá lójú. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, bàbá kì í wò ó mọ́, òun ló ń wò ó. Ó ka ìwé dé girama, owó tán, ó wọ ilé iṣẹ́, ó sì to páálí fún ọdún mẹ́ta kí ọ̀gá kan tó ṣàkíyèsí pé ó ń mú ọ̀rá tó ń jò láàárín ọgọ́rùn-ún láìlo ẹ̀rọ kankan. Ó kàn ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ ni. Wọ́n bá gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò.

Yàrá náà kò tóbi. Fèrèsé kan tí oòrùn àárọ̀ máa ń kọ lù, tábìlì irin kan, kọ́bọ́ọ̀dù kan, ẹ̀rọ méjì. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ń gbá etí ọ̀rá tí wọ́n gé ní wẹ́lẹ́ mú ní apá méjèèjì, á máa fà á títí yóò fi já, abẹ́rẹ́ ojú rẹ̀ á sì sọ iye agbára tó gbà. Ìkejì ni àpótí gíláàsì tí omi wà nínú rẹ̀ dé ìdajì. Wọ́n á fi àwọ̀n irin tẹ ọ̀rá sísàlẹ̀ omi, wọ́n á pa ọmọrí dé, ẹ̀rọ á fa afẹ́fẹ́ òkè omi jáde. Ọ̀rá á wú. Bí ihò bá wà lẹ́nu rẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, afẹ́fẹ́ á máa tò jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ìlẹ̀kẹ̀ ọmọ ọwọ́. Ìyá Onítẹ̀bọmi á ka oókan títí dé ọgbọ̀n, kò ní ṣẹ́jú.

Òfin kan wà nínú ìwé ìlànà wọn, ojú ìwé kejì, ìlà kẹta: kí gbogbo ọ̀rá tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò kọ́kọ́ sùn mọ́jú nínú yàrá àyẹ̀wò. Ẹni tó kọ ọ́ kọ ọ́ nígbà tí yàrá náà ń gbóná bí inú ààrò búrẹ́dì. Ọdún méjì sẹ́yìn, ilé iṣẹ́ ra ẹ̀rọ amúlétutù síbẹ̀. Kò sí ẹni tó padà lọ ka ìlà kẹta.

Kí ẹ̀rọ náà tó dé, Ìyá Onítẹ̀bọmi máa ń rí ọ̀rá mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ń jò lóṣù. Láti ọjọ́ tó ti dé, kò rí ẹyọ kan. Oṣù kìíní, òdo. Oṣù kejì, òdo. Oṣù mẹ́rìnlélógún, òdo. Máníjà tẹ òdo náà gàdàgbà sórí ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì, wọ́n sì fi obìnrin náà ṣe òṣìṣẹ́ tó pegedé jù lọ lẹ́ẹ̀mejì léra. Ó yẹ kí irú òdo bẹ́ẹ̀ dẹ́rù ba ẹni tó mọ iṣẹ́. Òun fi ṣe ọ̀ṣọ́. Nígbà tí ìwé wá lẹ́ẹ̀mejì láti ibi tí wọ́n ń kó ọjà náà lọ, pé òróró ń rin páálí, òun fúnra rẹ̀ ló fèsì pé àwọn awakọ̀ ni kò mọ ẹrù gbé.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nídìí irin gbígbóná náà ni ọkọ àbúrò rẹ̀. Ọwọ́ Iná ni wọ́n ń pè é, torí kì í wọ ìbọ̀wọ́. Ìyá Onítẹ̀bọmi ló mú un wọ ilé iṣẹ́. Láràárọ̀ ló máa ń yọjú sẹ́nu ọ̀nà yàrá àyẹ̀wò.

"Àǹtí wa, ẹ káàárọ̀ o. Àwọn ọmọ mi ńkọ́? Ẹ ti tẹ̀ wọ́n bọmi tán?"

"Wọ́n ti gbàgbọ́, gbogbo wọn. Ìwọ nìkan ló kù."

"Èmi kẹ̀! Ọtí ni kẹ́ ẹ fi ṣe tèmi o."

"Kọjá lọ, ọkọ wa. Irin ń tutù."

Bí wọ́n ti ń bá ara wọn gbé nìyẹn fún ọdún méje.

Ní ọjọ́ Ajé kan, ẹ̀rọ amúlétutù kú. Lọ́jọ́ kejì, nínú ogún ọ̀rá tó sùn sí yàrá náà mọ́jú, mẹ́fà jò. Ìyá Onítẹ̀bọmi tún wọn wò, wọ́n tún jò. Kò ronú lọ jìnnà. Ọdún méjì ni irin fi ṣe dáadáa. Bí ó bá wá bàjẹ́ lónìí, ẹni tó wà nídìí irin ni kí wọ́n bi. Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé: ó jọ pé wọn kò nu ojú irin kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kò fi ti àna ṣe, ó sì ro ara rẹ̀ sí olódodo nítorí rẹ̀. Ní Ọjọ́rú, wọ́n ní kí Ọwọ́ Iná lọ jókòó sílé títí wọn yóò fi pè é. Wọ́n ní ẹlòmíràn yóò bọ́ sídìí irin láti Ọjọ́bọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe dé pẹ̀lú àkàbà rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ ń jayé, màmá," ó wí láti òkè. "Àwa tá à ń tún un ṣe, òógùn ló ń wẹ̀ wá."

"Sọ̀ kalẹ̀ wá jayé nígbà náà, kí èmi gun òkè."

Ó tún un ṣe. Yàrá tutù. Omi inú àpótí gíláàsì náà tutù.

Máníjà ránṣẹ́ pé ní aago mẹ́wàá ọjọ́ Ẹtì, òun yóò wá fojú ara òun rí àwọn ọ̀rá mẹ́fà náà kí òun tó kọ ìwé láti lé Ọwọ́ Iná kúrò. Obìnrin náà dé ní aago mẹ́jọ, ó ní kóun gbìyànjú wọn wò ná. Ó tẹ ti àkọ́kọ́ bọmi. Ó ka ọgbọ̀n. Omi dákẹ́. Ó tẹ èkejì, ó tẹ ẹ̀kẹta, títí dé ẹ̀kẹfà. Omi dákẹ́ lórí gbogbo wọn. Ó kọ́kọ́ rò pé ojú òun ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó nu gíláàsì, ó pa omi dà, ó tún ṣe é. Kò sí nǹkan kan.

Ó gbé ọ̀kan lé ojú fèrèsé, níbi tí oòrùn ń tàn sí, ó lọ po tíì. Nígbà tó padà dé, ọ̀rá náà ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ bọmi. Kò tíì ka mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ fi ń tò jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó fi í síwájú ẹ̀rọ amúlétutù, ó dúró, ó tún un tẹ̀. Omi dákẹ́. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ló sì rí bákan náà.

Ó jókòó. Ohun tó wà níbẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Òróró inú ẹ̀pà ń dì nínú òtútù. Bí ó bá ti dì, á dí ihò tín-ínrín tó wà lẹ́nu ọ̀rá, afẹ́fẹ́ kò sì ní rí ibi gbà. Bí ọjà bá jáde lọ sínú ooru, òróró á yọ́, ihò á sì là. Láti ọdún méjì, òtútù ló ti ń bá a dí ojú ihò. Òun ń buwọ́ lù ú.

Ilé iṣẹ́ máa ń fi ọ̀rá méjì pa mọ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù yàrá náà lára gbogbo ọjà tó bá jáde. Ó mú mẹ́wàá lára ti ọdún tó kọjá, ó tẹ́ wọn sójú fèrèsé. Mẹ́ta jò. Ó wo déètì ara wọn. Ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ tí Ọwọ́ Iná wà ní ìsinmi, tí ẹlòmíràn wà nídìí irin. Ó la ẹnu wọn wò, ó rí ẹ̀pà tó há sáàárín ojú méjèèjì. Kì í ṣe pé ojú irin dọ̀tí. Ibi tí ẹ̀pà ti ń dà sínú ọ̀rá ló ń ta sí ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí irin tó tẹ̀ ẹ́. Ó ti ń ta bẹ́ẹ̀ tipẹ́, ó sì ti ń pọ̀ sí i.

Aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú. Òtítọ́ náà kò lè gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ṣùgbọ́n ìwé kan wà nínú dúrọ́ọ̀ Máníjà tó ń dúró de ìbuwọ́lù ní òpin oṣù, èyí tí yóò sọ obìnrin náà di ọ̀gá àyẹ̀wò fún ilé iṣẹ́ wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bẹ́ẹ̀ òdo ló gbé ìwé náà dé ibẹ̀. Ó mú abọ́ ike aláwọ̀ ewé kan, ó lọ sí ìdí kẹ́tùlù tó fi ń po tíì, ó bu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú rẹ̀, ó kó ọ̀rá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí i.

Máníjà wọlé. "Kí lẹ̀ ń fi ìyẹn ṣe, màmá?"

"Mò ń fọ̀ wọ́n ni, sà. Kí idọ̀tí ara wọn má baà ba omi wa jẹ́."

Ó tẹ̀ wọ́n bọmi lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n jò lọ́kọ̀ọ̀kan. Máníjà fi fóònù ya àwòrán ẹ̀kẹta.

"Ó tó. Ọkùnrin yẹn fẹ́ ba tiwa jẹ́ ni."

Obìnrin náà fi aṣọ nu ọwọ́.

Ní ọjọ́ Àìkú, àbúrò rẹ̀ wá sílé rẹ̀. Kò ì jókòó tó ti ń sọ̀rọ̀.

"Àǹtí mi, ẹ gbà mí. Bàbá ilé ò sùn, kò sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sùn. Gbogbo ohun tó bá ti lẹ̀ nínú ilé ló ń tú wò. Lánàá, ó fa ẹnu àpò ìrẹsì ya, ó lóun fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe lẹ̀ ẹ́."

"Ìrẹsì náà ńkọ́?"

"Abẹ́ àga la ti ń ṣà á báyìí! Ó tún ní kí n má bínú, pé iṣẹ́ àwọn tó lẹ̀ ẹ́ dáa."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Lẹ́yìn náà, àbúrò rẹ̀ kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Dìde jàre. Kí lò ń kúnlẹ̀ fún?"

"Ẹ bá wa bẹ ọ̀gá yín. Ó ní òun nu irin yẹn. Àmọ́ ó tún ní bí ẹ bá sọ pé ó jò, á jẹ́ pé ó jò, pé ẹ ò lè ṣìṣe. Ó ti ń rò pé bóyá òun ló gbàgbé. Àǹtí mi, ọkọ mi ti ń ṣiyè méjì nípa ọwọ́ ara rẹ̀."

"Màá bá wọn sọ̀rọ̀."

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ò ní rí ogun àbúrò."

Obìnrin náà sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó di ẹ̀wà síse sínú ike fún un, ó sì padà wọlé.

Ọjọ́ Ajé, kò sọ̀rọ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò sọ̀rọ̀. Ní Ọjọ́rú, ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lú àwọn obìnrin ìdí páálí, nípa ẹ̀fọn. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, ọ̀rá tí ẹni tuntun ń lẹ̀ ń sùn sínú yàrá tútù mọ́jú, wọn kò sì jò. Máníjà ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá dúró: ẹ wò ó, bí a ṣe yọ ọkùnrin yẹn kúrò, òdo ti padà. Bí ilẹ̀ ti ń mọ́ ni ẹ̀sùn Ọwọ́ Iná ń lágbára sí i, òun tó mọ̀ pé irọ́ ni ló sì ń buwọ́ lù ú. Ẹgbẹ̀rin páálí ló jáde. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ sọ pé obìnrin náà kò sùn dáadáa ní ọjọ́ wọ̀nyẹn, ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Páálí náà jáde.

Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n pe Ọwọ́ Iná sí ọ́fíìsì. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó fi ń ròde. Máníjà wà níbẹ̀, akọ̀wé wà níbẹ̀, Ìyá Onítẹ̀bọmi wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ìwé kan wà lórí tábìlì. Ó ní Ọwọ́ Iná jẹ́wọ́ pé òun kò nu ojú irin, pé òun sì gbà láti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá buwọ́ lu irú rẹ̀, kò sí ilé iṣẹ́ oúnjẹ tí yóò tún gbà á.

"Ṣé o nu irin tàbí o ò nù ún?" Máníjà bi í.

"Mo nù ún, sà. Bó ṣe wà lọ́kàn mi nìyẹn." Ó wo Ìyá Onítẹ̀bọmi. "Àmọ́ Àǹtí wa ní ó jò. Ọdún méje ni mo ti mọ̀ wọ́n nídìí omi yẹn, wọn ò sọ ohun tí wọn ò rí rí. Ó lè jẹ́ pé mo rò pé mo nù ún ni."

"Nítorí náà, fọwọ́ sí i."

Ọwọ́ Iná mú bírò. Ó wá ibi tí wọ́n fa ìlà sí, ó rí i.

"Gbé bírò yẹn sílẹ̀," Ìyá Onítẹ̀bọmi wí.

Gbogbo wọn yíjú sí i.

"Irin ò ṣe nǹkan kan. Òun náà ò ṣe nǹkan kan. Yàrá mi ló tutù jù. Gbogbo wọn ló ń jò, sà, látọjọ́ pípẹ́. Òtútù ni ò jẹ́ ká rí i."

Máníjà rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni tó ń gba ti àgbà rò. "Màmá, mo mọ̀ pé àna yín ni. Àánú ń ṣe yín."

"Ẹ jẹ́ ká lọ síbẹ̀."

Wọ́n lọ. Ó mú ọ̀rá mẹ́jọ lára èyí tí ẹni tuntun lẹ̀ lánàá, ó tẹ̀ wọ́n bọmi níṣojú wọn. Kò sí èyí tó jò. Ó wá gbé abọ́ ike aláwọ̀ ewé náà, ó bu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú rẹ̀, ó kó wọn sí i, ó dúró. Nígbà tó tún tẹ̀ wọ́n bọmi, méjì jò.

Akọ̀wé ní, "Yéè."

Máníjà kò wo omi mọ́. Abọ́ ló ń wò. "Ṣebí abọ́ yìí lẹ ní ẹ fi ń fọ̀ wọ́n ní Fúráìdé?"

"Òun ni."

"Ẹ ò fọ nǹkan kan."

"Mi ò fọ nǹkan kan, sà."

Kò bẹ̀bẹ̀. Bóyá ó yẹ kí wọ́n kà á sí ìwà rere fún un. Ó kàn jẹ́ pé kò sí ohun tó lè fi bẹ̀bẹ̀ ni. Wọ́n dá ẹ̀rọ dúró lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Wọ́n kọ̀wé sí gbogbo ibi tí ọjà náà dé pé kí wọ́n dá a padà. Èyí tó kù nílẹ̀ padà. Èyí tó pọ̀ jù, àwọn ọmọ ti jẹ ẹ́ tán. Ara àwọn ọmọ náà kò le tẹ́lẹ̀, bí inú bá sì tún run irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó ń béèrè ohun tó fìyà jẹ ẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ìwé inú dúrọ́ọ̀ Máníjà, wọ́n ya á. Wọ́n ní láti ọjọ́ Ajé, kí Ìyá Onítẹ̀bọmi padà sí ìdí páálí, níbi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ní kí Ọwọ́ Iná padà sẹ́nu iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, kó máa fi irin han àwọn tó fẹ́ tún un ṣe. Ó yí apá ṣẹ́ẹ̀tì òde rẹ̀ sókè. Obìnrin náà bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń fi aṣọ iṣẹ́ kọ́.

"Ọkọ wa," ó wí.

Ọwọ́ Iná ń wá aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ láàárín ti àwọn yòókù, wọ́n ti gbé e kúrò níbi tó ń gbé e kọ́.

"Ẹ ti mọ̀ láti Fúráìdé," ó wí níkẹyìn.

"Mo ti mọ̀."

"Kí ọ̀gá tó wá wò ó tàbí lẹ́yìn tó wò ó tán?"

"Kó tó wá."

Ó rí aṣọ náà, ó gbọ̀n ọ́n. "Ní Sọ́ńdè tí ìyàwó mi wá sọ́dọ̀ yín ńkọ́? Ó ní ẹ jọ rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ di ẹ̀wà fún òun."

"Mo mọ̀ ní Sọ́ńdè."

"Mo jẹ nínú ẹ̀wà yẹn," Ọwọ́ Iná wí. Ó wọ aṣọ iṣẹ́ náà, ó de bọ́tìnì rẹ̀ títí dé ọrùn, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìfara kàn án, ó lọ sídìí irin.